Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ àti Odindi Rẹ̀

Ilé fídíò kan wà ní Òmù-Àrán nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ní àárín àwọn ọdún 1990. Yàrá kan ni, bẹ́ǹṣì onígi mẹ́fà, tẹlifíṣàn kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù, jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn ilé, àti Bùọ̀dá onífídíò tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń gba owó. Níbẹ̀ ni mo ti wo Terminator 2. A kì í pe Arnold Schwarzenegger lórúkọ. Kòmándò là ń pè é, nítorí fíìmù tí a kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n nìyẹn, orúkọ náà sì bá a wọ gbogbo fíìmù tó tún ṣe. Gbogbo wa la mọ òfin ilé fídíò: áktọ̀ kì í kú. Lọ́jọ́ tí Kòmándò fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ sínú irin yíyọ́, ọmọkùnrin kan tó jókòó níwájú mi fò dìde, ó ní wọ́n ti rẹ́ wa jẹ, kí Bùọ̀dá dá owó wa padà. Bùọ̀dá ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kò sí òmíràn.

Òmíràn wà, Bùọ̀dá ni kò mọ̀. Ọdún 1991 ni fíìmù náà jáde ní sinimá. Ní 1993, James Cameron tó darí rẹ̀ gbé ẹ̀dà mìíràn síta fún àwọn tó ń wò ó nílé. Ẹ̀dà sinimá jẹ́ ìṣẹ́jú 137, ẹ̀dà gígùn jẹ́ 153. Mo ti di ẹ́dítọ̀, mo ti ń gé fíìmù Yorùbá jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ọmọṣẹ́ mi kan tó gbé ẹ̀dà gígùn náà wá fún mi nínú fláàṣì. Ó ní, “Ọ̀gá, èyí ni ojúlówó. Àbọ̀ lẹ wò látijọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀, nítorí àbọ̀ tó ń wí yẹn ló sọ mí di ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ní kó gbé e sí i ká jọ wò ó.

Ìran kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa. Ìyá, ọmọ, àti ẹ̀rọ tó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n sá wọ gáréèjì kan tí wọ́n ti pa tì. Ìyá náà, Sarah, ń tọ́jú ojú ìbọn lára ẹ̀rọ náà. Ọmọ bi ẹ̀rọ bóyá ó lè kọ́ ohun tí wọn kò fi sí i lórí tẹ́lẹ̀. Nínú ẹ̀dà sinimá, ẹ̀rọ dáhùn pé òun lè kọ́ ọ, pé bí òun bá ṣe ń bá ènìyàn rìn tó ni òun yóò ṣe máa gbọ́n tó. Ó parí síbẹ̀, ìtàn ń lọ.

Nínú ẹ̀dà gígùn, kò parí síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà fi kún un pé àwọn tó ṣe òun ti sé ọpọlọ òun mọ́lẹ̀, kí òun má baà kọ́ kún ohun tí òun gbé wá. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rọ ń júwe ọ̀nà, ìyá ń gé awọ orí rẹ̀, ó ṣí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó fa ọpọlọ kékeré kan yọ. Bó ti fà á yọ ni Kòmándò dákẹ́ síbi tó jókòó sí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ojú ère. Ìyá gbé ọpọlọ náà kalẹ̀, ó sì gbé òòlù. Ó fẹ́ fọ́ ọ, kí wọ́n sinmi. Ọmọ ò gbà. Ó ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni òun máa di aṣáájú lọ́jọ́ iwájú bí ìyá òun ṣe ń sọ, kí ìyá òun bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ti òun láti ìsinsìnyí.

Dígí wà nínú ìran yẹn. A ń wo ẹ̀yìn orí Kòmándò níwájú wa, a sì ń wo ojú rẹ̀ nínú dígí. Àmọ́ kò sí dígí kankan níbẹ̀, ihò ni wọ́n dá sára ògiri. Orí àtọwọ́dá ni èyí tó wà lọ́dọ̀ wa. Arnold gan-an jókòó sí òdìkejì ihò. Linda Hamilton tó ṣe Sarah ní ìkejì, Leslie ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan dúró níhìn-ín, ọ̀kan dúró lọ́hùn-ún, wọ́n ń gbé ọwọ́ pọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ pọ̀, bí ẹni pé ọ̀kan ni òjìji èkejì. Ó yẹ kó jẹ́ Yorùbá ló kọ́kọ́ ronú kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwa tí Táyé àti Kẹ́hìndé kún ilé wa. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, wọ́n gé ìran náà kúrò, ayé wo fíìmù náà fún ọdún méjì láìmọ̀ pé wọ́n ya irú rẹ̀.

Ọmọṣẹ́ mi ní ìkà ni ẹni tó gé e. Èmi tí mo ń fi irú ọ̀bẹ yẹn jẹun mọ ohun tó ń lé e. Láyé ìgbà náà, orí rílì ni fíìmù sinimá wà. Rílì mílímítà 35 ń gba ẹsẹ̀ bàtà 90 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú 16 tí ẹ rí yẹn, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 1,400 lórí ẹ̀dà kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ilé sinimá tó ń dúró de ẹ̀dà tirẹ̀ kò níye. Bí fíìmù bá sì ṣe gùn tó ni iye ìgbà tí wọ́n lè gbé e sójú lóòjọ́ ṣe ń dín kù. Owó ni gbogbo ìyẹn.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́. Ìtàn náà ń sáré bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gáréèjì yẹn ni ibi tó ti kọ́kọ́ jókòó mí. Bó bá jókòó pẹ́ jù, oorun á gbé e lọ. Ohun tí iṣẹ́ abẹ yẹn fẹ́ ṣàlàyé, òǹwòran ti gbà á tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹnì kankan lórí bẹ́ǹṣì wa ní Òmù-Àrán tó béèrè bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ́gbọ́n. A rí i tó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe kọ́ ọ, ó tán. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Ẹ̀dà sinimá ka ọmọ ilé fídíò kún ọmọlúàbí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí fíìmù náà ń parí lọ, tí Kòmándò ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ sínú iná, ọmọ bẹ̀ ẹ́, ó pàṣẹ fún un, kò gbà. Ẹ wo ẹni tó tẹ bọ́tìnì tí ẹ̀wọ̀n irin fi sọ̀ kalẹ̀: ìyá ni. Nínú ẹ̀dà sinimá, ọwọ́ kan lásán ló tẹ bọ́tìnì. Nínú ẹ̀dà gígùn, ọwọ́ tó gbé òòlù lánàá ni. Lánàá ó fẹ́ pa á tìkàtìkà, ọmọ rẹ̀ dí i lọ́wọ́. Lónìí ó ń pa á tìbànújẹ́-tìbànújẹ́, kò sì sí ohun tí ọmọ lè ṣe. Ìgbà tí mo rí ìyẹn ni mo dá fíìmù dúró, mo ní kí ọmọṣẹ́ mi bu omi wá. Ó rò pé òun ti borí. Mo ní rárá o: nínú gbogbo ìṣẹ́jú 16 yẹn, òòlù yẹn nìkan ni mo máa bá ẹnikẹ́ni jà fún. Bí ìyókù bá wà níbi tí wọ́n kó o sí, ìtàn ò pàdánù nǹkan.

Òòlù yẹn ni mo wá fi ń wọn gbogbo ẹ̀dà gígùn tí mo bá rí. Ẹ mú Aliens, fíìmù Cameron kan náà ti ọdún 1986. Ti sinimá jẹ́ ìṣẹ́jú 137, ti gígùn jẹ́ 154. Obìnrin tó jẹ́ àgbà nínú fíìmù náà, Ripley, sùn nínú ọkọ̀ òfuurufú fún ọdún 57 kó tó jí. Ẹ̀dà gígùn jẹ́ ká gbọ́ pé ó fi ọmọbìnrin kékeré sílẹ̀ nígbà tó ń lọ, pé ọmọ náà ti dàgbà, ó ti darúgbó, ó ti kú lẹ́ni ọdún 66, ìyá rẹ̀ kò sì tíì hu ewú. Ẹ̀dà sinimá kò sọ èyí rárá. Nígbà tí Ripley bá wá gbé ìbọn, tó padà sínú ihò ẹranko abàmì nítorí ọmọ ọlọ́mọ, ẹni tó wo ẹ̀dà sinimá á sọ pé akíkanjú obìnrin ni. Ẹni tó wo ẹ̀dà gígùn á sọ pé abiyamọ tó pẹ́ dé ni.

Nínú ẹ̀dà gígùn yẹn kan náà, wọ́n fi àwọn ìbọn kan kún un tó ń yìn fúnra wọn, tí a ń wo iye ọta wọn tó ń dín kù lójú ẹ̀rọ. Ó dùn ún wò. Àmọ́ nígbà tó tán, kò sí ohun tó yàtọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa ẹnikẹ́ni. Àfikún méjì, fíìmù kan: ọ̀kan fi ìwúwo kún ẹ̀ṣẹ́, èkejì fi ẹ̀ṣẹ́ kún ẹ̀ṣẹ́.

Ẹ̀ṣẹ́ tí a fi kún ẹ̀ṣẹ́ sì léwu, mo sọ ọ́ bí ẹni tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ṣẹ́ inú fíìmù kì í balẹ̀ sára ẹnikẹ́ni. Àwòrán 25 là ń lò fún ìṣẹ́jú àáyá kan nínú fídíò wa. Mo máa ń gé ẹ̀ṣẹ́ nígbà tó bá ku àwòrán méjì tàbí mẹ́ta kó kan ojú, kí n já sí orí tó ń yí, kí n fi ìró gbì sí i. Ojú yín ló ń parí ẹ̀ṣẹ́ náà, èmi kọ́. Bí mo bá fi ìjà náà sílẹ̀ kó gùn nítorí pé ó dùn mọ́ olówó fíìmù, ẹ ó rí àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ìjà tí ẹ ń yìn, ohun tí mo yọ kúrò nínú rẹ̀ lẹ ń yìn.

Lọ́dọ̀ wa, ìjà kì í ṣe ti ọwọ́ nìkan, ti ẹnu ń bẹ níbẹ̀. Ẹ́dítọ̀ tí kò gbọ́ ọfọ̀ máa ń gé e bí ẹni gé aṣọ. Ṣùgbọ́n ọfọ̀ ní ìdí kó tó ní orí. Yóò kọ́kọ́ sọ bí nǹkan ṣe ń hùwà láti ìṣẹ̀dálẹ̀, bí omi, bí ewé, bí ẹyẹ. Lórí ìyẹn ni yóò wá gbé àṣẹ kà. Bí o bá gé ìdí nù nítorí àkókò, tí o fi àṣẹ nìkan sílẹ̀, ariwo lo fi sílẹ̀. Àwọn àgbà tó ń wò ó á mì orí, wọ́n á ní kò lè jẹ́. Mo rò pé ọfọ̀ ti kọ́ wa lọ́gbọ́n yìí kí Cameron tó dé: sọ ìdí kí o tó gbé ọwọ́. Ìran tó bá jẹ́ ìdí, má gé e. Èyí tó bá jẹ́ àsọtúnsọ àṣẹ, gé e sọnù.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà wa yìí, tí Òmù-Àrán wà nínú rẹ̀, kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ fíìmù. Ọmọ Àgbàmu ni Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ẹni tó kópa nínú Àjàní Ògún ní 1976, tó sì ṣe Ìjà Òmìnira ní 1979, èyí tí wọ́n fa ìtàn rẹ̀ yọ nínú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Ó kú ní 1996. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà, Kúnlé Afọláyan sì ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lórí dídarí fíìmù. Nígbà ayé Adé Love, rílì ni. Òkèèrè ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó ńlá ni wọ́n ń san lé e. Olówó fíìmù fúnra rẹ̀ ló ń gbé rílì àti ẹ̀rọ kiri ìlú, gbọ̀ngàn sí gbọ̀ngàn. Kò sẹ́ni tó máa fi rílì ya ènìyàn tó ń ti géètì.

Fídíò dé, ọ̀wọ́n di ọ̀pọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì E-180 gba wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni díìsì VCD dé, èyí tí kò gbà ju bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Láyé ìgbà náà, díìsì ló ń wọn ìtàn fún wa. Ìtàn tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 100, a ó fà á títí yóò fi kún díìsì méjì, a ó pè é ní Apá Kìíní àti Apá Kejì, ká lè tà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo jẹ̀bi. Mo ti fi mọ́tò sílẹ̀ kó wọ géètì, kó yí po, kó dúró, kí ọ̀gá bọ́lẹ̀, kí ọmọ ọ̀dọ̀ sáré wá gba báàgì, kí wọ́n kí ara wọn délé-dọ́nà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń gé e kúrú fún sinimá, wọ́n ń dá a padà ní gígùn fún ilé. Àwa bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀dà gígùn, a ò tilẹ̀ ṣe kúkúrú.

Ó ń yí padà báyìí. King of Boys tí Kẹ́mi Adétiba gbé jáde ní sinimá ní 2018 fẹ́ẹ̀ tó wákàtí mẹ́ta, àwọn ènìyàn sì jókòó tì í. Nígbà tí ìtàn náà tún padà dé ní 2021, ó gba ọ̀nà Netflix, ó di abala méje. Jagun Jagun ti ọdún 2023, tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde, orí Netflix ló ti kọ́kọ́ dójú ayé. Gbọ́tìjà inú rẹ̀, tí Lateef Adédiméjì ṣe, ń bá igi sọ̀rọ̀. Mo lè wo wákàtí kan sí i lórí ọmọ àti igi yẹn. N kò nílò ìṣẹ́jú kan sí i lórí idà. Níbi tí kò sí díìsì, tí kò sí rílì, kò sí ẹni tó ń fipá mú wa gùn tàbí kúrú mọ́. Ẹ̀rí ọkàn wa nìkan ló kù.

Èmi náà ní òòlù tèmi tí mo gé nù. Ní 2008, a ya fíìmù ìjà kan nínú igbó kan ní apá ọ̀dọ̀ wa. Kí áktọ̀ tó lọ sójú ogun, ìyá rẹ̀ ń so ońdè mọ́ ọn lápá. Ọwọ́ màmá tó ṣe ipa náà ń gbọ̀n, okùn yọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó yọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kò sọ̀rọ̀. Ó tẹ orí ba, ó fi eyín fa okùn náà le. Ọmọ wo àárín orí ìyá rẹ̀, òun náà kò sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Díìsì ti kún. Olówó fíìmù ní, “Yọ ìyẹn, kò sí ìjà níbẹ̀.” Mo yọ ọ́. Lójú ogun, ońdè já bọ́, áktọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mú un, idà ọ̀tá bá a níbẹ̀. Nígbà tí fíìmù jáde, ìyá aláṣọ kan pè mí lọ́jà Òmù-Àrán, ó ní, “Ọmọ mi, kí ló dé tí áktọ̀ yín gọ̀ tó báyìí? Torí okùn ló ṣe kú?” N kò rí èsì fún un. Èmi ni mo sọ ońdè ìyá di okùn.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ gbé fíìmù náà sórí YouTube. Mo ní àyè dé, mo fẹ́ dá ìyá náà padà. Háàdì dísìkì tó wà lórí rẹ̀, a ti nù ún mọ́ láti fi gba iṣẹ́ mìíràn. Kásẹ́ẹ̀tì tí a fi yà á, a ti ya nǹkan míì lé e lórí, nítorí a ń sá fún owó kásẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ìyẹn ló mú mi rántí pé nígbà tí mo wà nílé ìwé, wọ́n kó wa lọ wo àwọn ère òkúta ní Ẹ̀sìẹ́. Ní 1933, H. G. Ramshaw, tó ń bẹ àwọn ilé ìwé ìjọ CMS wò, ròyìn wọn fún ayé ìta. Ní 1945 ni wọ́n dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ère náà lé ní ẹgbẹ̀rún. Ohun tó jọ mí lójú lọ́jọ́ yẹn ni àwọn tó ti fọ́: orí tí kò ní ọrùn, ọrùn tí kò ní orí. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ kò kó àfọ́kù dà sígbó, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Nítorí pé àfọ́kù wà nílẹ̀, ẹni tó bá lójú lè wá orí tó bá ọrùn mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù Shaihu Umar tí Adamu Halilu ṣe ní 1976: wọ́n rò pé ó ti sọnù, àfi ìgbà tí wọ́n rí rílì rẹ̀ nílé ìpamọ́ ní Jos ní 2016, tí wọ́n tún un ṣe, tí ayé sì tún wò ó ní Berlin ní 2018. Ẹnì kan ló fi í síbì kan tí kò jù ú nù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gé fíìmù lónìí, mo bẹ̀ yín. Ẹ gé e. Ẹ gé e kó kúrú, kó mú, kí òǹwòran fi inú tirẹ̀ parí ìyókù. Ṣùgbọ́n ẹ ra dírafù méjì, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ gé sínú wọn, ẹ kọ orúkọ fíìmù àti ọdún sí i lára, ẹ fi ọ̀kan sílé ẹlòmíràn. Ẹ ò lè mọ̀ lónìí èyí tó jẹ́ òòlù nínú rẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì tèmi yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìgbéyàwó ló wà nínú rẹ̀.